Ilé Tí Mo Kọ́kọ́ Mú

Nígbà tí bàbá wa kú ní Ẹdẹ, ilé méjì ni wọ́n fi sílẹ̀ fún àwa ọmọ méjì: èmi Bùràímọ̀, àti Teslim, ọmọ ìyàwó kékeré.

Ilé àkọ́kọ́ jẹ́ yàrá mẹ́wàá tó kọjú síra, ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárín, kànga lẹ́yìnkùlé. Ilé ìwé alẹ́ ni mo ń lọ nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ. Èmi ni mo ru omi tí wọ́n fi po sìmẹ́ńtì, títí irun àárín orí mi fi re. Nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ kànga, èmi ni mo wà nísàlẹ̀ tí òkúta já lé mi lẹ́sẹ̀. Wọn kò tíì bí Teslim.

Fúláàtì ni ilé kejì, táìsì ni ilẹ̀ rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ilé ìdáná. Ibẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ Teslim dàgbà.

Bàbá Usamah, àbúrò bàbá wa, mú ẹni tó ń díye lé ilé wá. Ọkùnrin náà ní iye wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀: fúláàtì rẹwà, ṣùgbọ́n ìdílé kan ló gbà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pólì yóò máa háyà yàrá kọ̀ọ̀kan nínú ilé àkọ́kọ́. N kò gbà á gbọ́. Báwo ni èyí tó ń dán ṣe fẹ́ bá èyí tó ti ṣú dọ́gba?

“Ìwọ ni àgbà,” Bàbá Usamah wí. “Kọ́kọ́ mú.”

Zulfah, ìyàwó Teslim, ti ta kọ́tìnì tuntun sí fúláàtì náà. Kọ́tìnì yẹn ni mo ń wò.

“Fúláàtì ni mo mú.”

Teslim dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́. Mo rò pé ó ń fi bo ìbànújẹ́ ni.

Kí ọdún tó yí po, akẹ́kọ̀ọ́ ti kún ilé rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀rọ tó ń fa omi ní fúláàtì jó. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì lọ sí ilé àtijọ́. Ọmọbìnrin kan bi mí pé ta ni mò ń wá; mo ní mo fẹ́ tọrọ omi ni. Teslim jáde.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà ń tọrọ àyè? Ẹ̀yin lẹ gbẹ́ kànga yìí. Ẹ máa pọn ọ́n bó ṣe wù yín.”

Tọkàntọkàn ló fi sọ ọ́. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Mo sọ korobá sínú kànga. Omi pọ̀ níbẹ̀. Mo pọn ọ́n kún kẹ́ẹ̀gì, mo gbé e ka àárín orí, níbi tí irun kò ti hù mọ́.