Ẹ̀gbọ́n Àkọ́bí

"Kò sẹ́ni tó kú nílé wa o! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí i!" Ìyá Ràsáàkì ti ń ti ilẹ̀kùn mọ́ Àdìjátù lójú bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

Láti àárọ̀ ni Àdìjátù ti ń gbọ́ irú èsì bẹ́ẹ̀ káàkiri Ìwéré-Ilé. Ìjọba ló rán an wá láti Ìbàdàn, sí ìlú tí wọ́n ti bí i, pé kó wádìí àwọn tó kú, ọjọ́ orí wọn, àti iye ọdún tí ara wọn fi le kí wọ́n tó kú. Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀gá rẹ̀ yóò ti ṣírò iye ọdún tí èèyàn ń fi ara líle lò láyé ní ìlú kọ̀ọ̀kan. Ìlú tí tirẹ̀ bá kéré jù ni wọn yóò kọ́ ilé ìgbẹ̀bí sí. Àgbàlagbà nìkan sì làwọn ará Ìwéré ń dárúkọ. Tó bá gbé ìyẹn padà, ilé ìgbẹ̀bí á gba ìlú mìíràn lọ. Ó dùn ún dọ́kàn.

Bẹ́ẹ̀ Àwáwù ọ̀rẹ́ rẹ̀ sin ọmọ nígbà ọyẹ́ tó kọjá. Àwáwù náà wolẹ̀, ó ní kò sẹ́ni tó kú. Omi ló dànù, agbè kò fọ́, ni wọ́n fi ń tu ìyá ọmọ nínú. Ta ni í wá ka omi tó dànù mọ́ òkú?

Nígbà tí òòrùn mú, ó yà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, Àyìnkẹ́, tó ń bó gbágùúdá lábẹ́ igi kajú.

"Àkọ́bí mi, àbí kí n pè ọ́ ní ìjọba? Ṣé o ti jẹun?"

"Ìyá mi, ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn ná. Ta ló kú nílé yìí?"

"Bàbá rẹ nìkan."

"Ọdún mélòó ni ara wọn fi le?"

"Títí dọjọ́ tí wọ́n kú. Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, wọ́n ṣì bá mi jà pé ata ọbẹ̀ kò tó."

Àdìjátù rẹ́rìn-ín. Ó fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀, ó mú ọ̀bẹ mìíràn, ó jókòó ti ìyá rẹ̀, àwọn méjèèjì jọ ń bó gbágùúdá.

"Ìyá mi, ìkúnlẹ̀ abiyamọ mélòó lẹ ti kúnlẹ̀?"

Ọwọ́ Àyìnkẹ́ dúró. "A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ."

"Ẹ má kà wọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ kàn sọ̀rọ̀ wọn fún mi."

Ìyá náà gbé ọ̀bẹ rẹ̀ sílẹ̀. "Àsíátù ló kọ́kọ́ dé," ló wá sọ. "Ó ti ń lé adìẹ kiri àgbàlá kí ibà tó mú un. Ọjọ́ kan péré ni ibà náà." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "O ò bi mí bóyá ara rẹ̀ le? Ó le, Àdìjá. Gbogbo ọjọ́ tó lò láyé, koko lara ọmọ náà le."

Láti kékeré ni Àdìjátù ti ń fi ipò àkọ́bí yangàn sáwọn àbúrò rẹ̀. Ó mọ̀ báyìí bí yóò ṣe padà sílé Àwáwù, àti sílé Ìyá Ràsáàkì: kò ní bi wọ́n léèrè òkú mọ́, ọ̀rọ̀ ọmọ wọn ni yóò ní kí wọ́n sọ fún òun. Ó fa ìwé náà mọ́ra, ṣùgbọ́n kò tíì lè kọ nǹkan kan.

"Ọmọ ọdún mélòó," ló béèrè, "ni ẹ̀gbọ́n mi?"