Aṣọ tí Mo Rán fún Maricruz

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀ mí kó dúró ná. Inú ń bí mi, mo sì fẹ́ kó máa bí mi títí màá fi parí ọ̀rọ̀ yìí.

Aránṣọ ni mí, ní ìlú Moroleón, níbi tí ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ kì í ti í jẹ́ kéèyàn gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì dáadáa. Ọdún mẹ́rin ni mo fi dáhùn ìbéèrè lórí ayélujára, lójú ewé tí àwa tí à ń lo ètò kọ̀ǹpútà kan ti ń pàdé. Ètò náà ló ń bá wa ya àwòrán tí a fi ń gé aṣọ. Bí apá aṣọ ẹnìkan bá ń fún un, bí ọrùn aṣọ ẹlòmíràn bá kọ̀ tí kò jókòó, wọn á ní, "Ẹ bi Doña Obdulia." Màá sì dáhùn. Ilé-iṣẹ́ tó ni ètò náà kò fún mi ní nǹkan kan, n kò sì béèrè, torí Maricruz ni mo ṣe ń jókòó síbẹ̀.

Maricruz ni òṣìṣẹ́ wọn tó ń bójú tó wa. Nígbà tí kíndìnrín Fermín ọkọ mi daṣẹ́ sílẹ̀, tí àwọn ọmọ mi méjèèjì wà ní àríwá lẹ́yìn ààlà, láìní ìwé tí wọ́n lè fi wá kí wọ́n sì tún padà, Maricruz ló ń kọ̀wé sí mi láràárọ̀: "Doña Obdulia, báwo ni Don Fermín ṣe jí?" Nígbà tí Fermín kú, ọjọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tí a fi gbàdúrà fún un ló fi bá mi sọ̀rọ̀. Òun nìkan ni mo sọ ọ́ fún pé Fermín tọrọ omi lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ ìkẹyìn. Dókítà ti ní omi tó mu ti tó, mo bá fi omi dù ú, kò sì tó wákàtí kan lẹ́yìn náà tó fi dákẹ́. N kò sọ ọ́ fún àlùfáà. N kò sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi. Maricruz dáhùn pé, "Ìfẹ́ lẹ fi ṣe é, màmá mi. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀." Mo ka gbólóhùn yẹn títí mo fi mọ̀ ọ́n lórí.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ní kí àwa tí à ń dáhùn jù lọ wá pàdé àwọn òṣìṣẹ́ náà níbi ìpàdé ńlá àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní Guadalajara, mo ní n kò ní lọ lọ́wọ́ òfo. Mo ní kí Maricruz fi ìwọ̀n ara rẹ̀ ránṣẹ́. Láàárọ̀ mo béèrè èjìká, lọ́sàn-án mo béèrè ìbàdí, lọ́jọ́ kejì mo béèrè gígùn. Ohun tí mo gbà yà mí lẹ́nu. Èjìká fẹ̀ bíi ti alágbàṣe, ìbàdí tín-ín-rín, gígùn kò ju ti ọmọ ilé-ìwé lọ. Mo ní bóyá ọmọ náà fẹ́ràn odò wíwẹ̀ ni. Mo gé e bẹ́ẹ̀, aṣọ aláwọ̀ ewé, mo sì fọwọ́ rán òdòdó sí i láyà.

Gbọ̀ngàn náà kún fọ́fọ́. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n kọ Maricruz sí káàdì ọrùn rẹ̀ dìde lẹ́yìn tábìlì, ó figbe ta, ó dì mọ́ mi. Mo sunkún. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi wà lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ tó ti ń wọn ènìyàn láti ọgbọ̀n ọdún, ó sì ti mọ̀ kí orí mi tó mọ̀ pé èjìká yìí kọ́.

"Wọ̀ ọ́ wò, ọmọ mi."

Ó wọ̀ ọ́ lé aṣọ ọrùn rẹ̀. Èjìká aṣọ náà ṣubú sí i lápá, ìbàdí kò sì gbà á rárá. Gígùn nìkan ló ṣe régé.

Ọ̀dọ́kùnrin tó jókòó tì í, Uriel, bú sẹ́rìn-ín. "Ó tán! Èjìká mi rèé o!" Ó yára fọwọ́ bo ẹnu.

"Èjìká ta?" Mo yíjú sí i. "Mo ní èjìká ta? Ṣé ìwọ náà ń jẹ́ Maricruz ni, tìwọ ti irùngbọ̀n?"

Ọ̀gá wọn, tí wọ́n ń fi oyè ìwé rẹ̀ pè ní Licenciada Berenice, fa àga fún mi. "Doña Obdulia, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, ẹ mu tejuino, ọtí àgbàdo yìí tutù dáadáa. Bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, ma. Àwọn tó ń lo ètò wa fẹ́ràn kí wọ́n máa bá ẹnì kan ṣoṣo sọ̀rọ̀. Àwọn mẹ́ta ló ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, orúkọ kan náà ni wọ́n ń lò. Yaretzi tó wọ aṣọ yín nìyí, Uriel nìyẹn, ẹnì kẹta ti lọ síbi iṣẹ́ mìíràn."

"Òun ló wá ni ìbàdí?"

"Òun ni, ma," ni Yaretzi wí. Kò lè wojú mi. "Gígùn ni tèmi."

N kò mu tejuino kankan. Mo ní, "Ta ló dá mi lóhùn lórí ọ̀rọ̀ omi?"

Uriel ní, "Ẹ dúró, màmá, ó máa wà níbí." Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó tẹ orúkọ mi. Ṣé ẹ rí i, ojú ewé kan ni wọ́n ní fún ẹnìkọ̀ọ̀kan wa, kí ẹni tó bá gbaṣẹ́ má bàa ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ó rò pé n kò ríran débẹ̀. Ojú tí mo fi ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ lójoojúmọ́ ríran jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí mo kà nìyí: "Obdulia, Moroleón. Opó. Ọkọ: Fermín. Ó tọrọ omi, kò fún un, ó kú. Má dárúkọ omi. Bi í léèrè nípa ọkọ rẹ̀ láàárọ̀: lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ìlọ́po méjì ìbéèrè ló máa ń dáhùn."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Òótọ́ sì ni. Bí ẹnìkan bá ti béèrè Fermín lọ́wọ́ mi, ara mi á yá, màá jókòó títí ọ̀sán láti ran gbogbo ayé lọ́wọ́. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n nípa mi kí èmi fúnra mi tó mọ̀ ọ́n. Wọ́n dalẹ̀ mi, wọ́n sì dalẹ̀ Fermín nínú ilẹ̀ tó wà.

Berenice ń sọ pé ó ku díẹ̀ kí wọ́n pè mí wá gba ìwé ẹ̀yẹ. Mo ní kó gbé e kọ́ ọrùn ara rẹ̀, mo gbé báàgì mi, mo ń lọ.

Yaretzi sáré bá mi lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ aláwọ̀ ewé náà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. "Màmá, ẹ dúró. Èmi ni. Èmi ni mo kọ ọ́."

"Èwo? Èyí tó ní ìfẹ́ ni mo fi ṣe é, àbí èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn?" Mo ń bẹ Ọlọ́run lọ́kàn mi pé kó jẹ́ ọwọ́ kan ló tù mí nínú, kó jẹ́ ọwọ́ mìíràn ló tà mí. Màá lè gbé ìyẹn.

"Méjèèjì ni, màmá."

"Lọ́jọ́ kan náà?"

"Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n ní ká máa kọ ọ́ sílẹ̀ kíá ká tó gbàgbé. Àmọ́ mo sunkún. Mo fi Ọlọ́run búra, bí mo ṣe ń kọ tiyín ni mo ń sunkún, mo sì ń sunkún lọ bí mo ṣe ń kọ tiwọn."

Mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ, ohun tó bà mí nínú jẹ́ jù nìyẹn. Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé. N kò tíì rí ẹlòmíràn tí mo lè bá sọ̀rọ̀ Fermín.