Ewé Irà Hù Lórí Màámi

Bàbá Délé, ẹ má tíì dìde, ẹ jẹ́ n rọ́ àlá mi. Máàpù tí mò ń yà níbi iṣẹ́, tí mo fi ń wá irà tí ewé tó fẹ́ẹ̀ parẹ́ yẹn ṣì lè hù sí, mo bá a lórí okùn aṣọ, ó rin gbingbin. Màámi ní ká jọ fún un bí aṣọ. Omi ń dà, ewé náà sì ń yọ níbi gbogbo tí mo fi bíírò sàmì sí. Màámi bú sẹ́rìn-ín, gèlè wọn já bọ́, àṣé ọ̀kan ti hù láàárín irun wọn, ó tiẹ̀ ti tanná!

Mo ní, "Màámi, orí yín ò sí nínú máàpù mi o!"

Wọ́n ní, "Ṣé bíírò ẹ ti gbẹ ni?"

Mo di orí wọn mú, kí n sàmì báyìí, lẹ bá fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi jí.