Ìjókòó Tó Ṣẹ́kù

Ìgbátí kejì ló gbé aránṣọ lu ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ni agolo bọ́tìnnì bá dà sílẹ̀ yàrá.

"Níbo lò ń lọ?"

"Mi ò tíì mọ̀."

Òótọ́ ni, òótọ́ náà gan-an ló sì ń bí Wẹ́dà, ọkọ rẹ̀ tó ń jó irin, nínú. Ta ló ń di ẹrù láìmọ ibi tó ń lọ, bí kì í bá ṣe obìnrin tó ní ọkùnrin níta?

Àbúrò aránṣọ ló kọ́ ọ lọ́gbọ́n náà. Láti ọjọ́ tó ti ń ránṣọ, kò sinmi rí, torí gbogbo ìlú tó bá wù ú ni owó ọkọ̀ rẹ̀ ń ju agbára rẹ̀ lọ. Àbúrò rẹ̀ ní, "Àǹtí mi, ẹ má yan ìlú. Ọkọ̀ tó bá ku ìjókòó kan kó kún, tí awakọ̀ ti ń kánjú, ìdajì owó ni wọ́n ń gbà. Ibi tó bá dorí kọ, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti lọ sinmi." Ó dùn mọ́ ọn nínú. Òkè ni o, odò ni o, kó ṣáà ti jìnnà sí ariwo ẹ̀rọ.

Wẹ́dà da báàgì náà sílẹ̀: aṣọ, sálúbàtà, ọṣẹ, téèpù ìwọnṣọ, àlùmọ́gàjí.

"Irinṣẹ́! Ta ló ń gbé irinṣẹ́ lọ sinmi? O ò padà wá mọ́ nìyẹn!"

"Ọ̀sẹ̀ kan péré ni. Màá padà, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín." Ó sì gba ara rẹ̀ gbọ́.

Ẹ̀ṣẹ́ ni Wẹ́dà fi dá a lóhùn. Ẹ̀jẹ̀ bò ó lẹ́nu. Ó wé irun dídì rẹ̀ mọ́ ọwọ́, ó ń wọ́ ọ lọ sí yàrá inú, tí òun fúnra rẹ̀ jó ilẹ̀kùn onírin rẹ̀. Ìgbà tí aránṣọ wọ ibẹ̀ kẹ́yìn, egungun ìhà rẹ̀ ló ṣẹ́.

Ọwọ́ rẹ̀ ba àlùmọ́gàjí nílẹ̀.

Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ kì í fẹ́ kí àlùmọ́gàjí aṣọ gé ohun mìíràn, bébà pàápàá. Aránṣọ ò rú òfin yẹn rí. Ó gbé ẹnu àlùmọ́gàjí ti ọrùn-ọwọ́ ọkọ rẹ̀, níbi tí iṣan ti ń lù. Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná, ni ọkàn rẹ̀ ń wí. Ó yí àlùmọ́gàjí náà padà, ó sì gé irun ara rẹ̀ láti ìdí.

Wẹ́dà fi ẹ̀yìn balẹ̀ gbì, orí rẹ̀ gbá ilẹ̀kùn onírin. Kó tó dìde, aránṣọ ti ṣa ohun tọ́wọ́ rẹ̀ bà sínú báàgì, ó ti já síta.

"Ó ku ẹnì kan!" Ní gáréèjì, agbèrò rí ẹ̀jẹ̀, ó rí irun orí tó gé jákujàku, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Ìyá, ẹ mọ ibi tá à ń lọ?"

"Ṣó jìnnà?"

"Ó jìnnà gan-an."

Ó wọlé. Ọkọ̀ ti ń sáré kí fóònù ìbàdí rẹ̀ tó dún. Àbúrò rẹ̀ ni, ó ń sunkún.

"Ó ti wá síbí. Ó fọ́ fèrèsé, ó fún mi lọ́rùn, ó ní kí n sọ ibi tẹ́ ẹ lọ. Mi ò mọ ibẹ̀, Àǹtí mi. Ìgbà táwọn ará ilé dé ló tó fi mí sílẹ̀. Ẹ má sọ ọ́ fún mi o."

Aránṣọ sunkún títí. Ó wá aṣọ tó lè fi nu ojú nínú báàgì, kò rí. Téèpù ló wà níbẹ̀, àti àlùmọ́gàjí, àti ẹ̀kúnwọ́ bọ́tìnnì.

Ó wò wọ́n pẹ́. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí màmá tó jókòó tì í.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, níbi tá à ń lọ yìí, ṣé aránṣọ pọ̀ níbẹ̀?"