Orin Tí Ọlábímpé Lóun Ò Gbọ́

Bí Yorùbá bá ti bọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú ìjọ wọn ní Irving, Ọlábímpé ni í sọ ọ́ di òyìnbó fún àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ṣe tó o, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìsinmi yìí, bó ṣe rí Àǹtí Sẹ̀gilọlá tó ń bọ̀ wá jẹ́rìí níwájú ìjọ, máìkì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ká ní ó rí ẹni gbé e fún ni, ì bá sá jáde.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Carrollton ni àwọn méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́. Àǹtí Sẹ̀gilọlá ló bá a wá iṣẹ́ ọ̀hún, mọ́tò Àǹtí náà ló sì ń gbé e lọ gbé e bọ̀ kó tó ra tirẹ̀. Bí Àǹtí bá ń wẹ àwọn arúgbó, á máa fi ohùn jẹ́jẹ́ kọrin kan tó fúnra rẹ̀ hun: “Ilẹ̀ mọ́ bá mi, mo dúpẹ́, èyí tó kù, Olúwa mọ̀ ọ́n.” Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ń sín in jẹ, wọ́n ń pè é ní àjẹ́, aláìsàn tó bá sì ń gbá èèyàn ní ìfọ́tí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń tì í sí. Àǹtí á rẹ́rìn-ín, á ní, “Ara kì í wúwo kí alára má lè gbé e.”

Ìgbà tó yá, ọmọ arúgbó kan lọ fẹjọ́ sùn pé Àǹtí ń fi orin náà ṣépè fún bàbá òun. Ní Ọjọ́bọ̀, Jessica tó jẹ́ máníjà pe Ọlábímpé sí ọ́fíìsì, ó tilẹ̀kùn.

“Ìlú kan náà lẹ ti wá. Kí ló ń kọ lórin?”

Gbólóhùn kan péré ló kù kọ́rọ̀ parí. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣèlérí ipò ọ̀gá nọ́ọ̀sì fún Ọlábímpé, ẹ̀rù sì bà á pé ẹrẹ̀ tí wọ́n ń jù lu Àǹtí á ta sí òun náà lára. Ó ní, “Kò yé mi. Èdè tiwọn yàtọ̀ sí tiwa.”

Ẹ gbọ́ ná! Ọmọ Ìsẹ́yìn, ògbufọ̀ nílé Ọlọ́run, ló ní òun ò gbọ́ Yorùbá. Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà. Lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n ní kí Àǹtí lọ jókòó sílé di ọjọ́ Ajé, tí wọ́n máa sọ bóyá ó ṣì níṣẹ́. Láti ìgbà yẹn, Ọlábímpé ò lè wo ara rẹ̀ nínú dígí.

“Ẹ bá mi dúpẹ́,” Àǹtí bẹ̀rẹ̀ níwájú ìjọ. “Wọ́n fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ilẹ̀ mọ́ bá mi, mo jí, mo jẹun.”

Ọlábímpé sọ ọ́ lóyìnbó.

“Wọ́n ní àwọn bi ẹnì kan tó yẹ kó gbọ́ Yorùbá, onítọ̀hún ní orin mi ò yé òun. Mi ò mọ ẹni náà, mi ò sì bínú sí i. Ẹ̀rù ló bà á. Ẹ bá mi gbàdúrà fún un.”

Ìjọ ṣe àmín. Ìyá àgbà kan pòṣé, ó ní, “Júdásì!” Àwọn ọmọdé gbójú sókè, wọ́n ń retí òyìnbó, òyìnbó ò wá. Shalom, ọmọ Ọlábímpé, wà lórí àga iwájú.

“Mummy, what did she say?”

Ìtìjú mú Ọlábímpé láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orí. Ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì, ilẹ̀ ò ṣe bẹ́ẹ̀. Máìkì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó kúnlẹ̀.

“Àǹtí, èmi ni,” ló wí, ní Yorùbá. “Èmi ni wọ́n bi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.”

Àǹtí Sẹ̀gilọlá wò ó títí. Ẹ̀rín tí gbogbo èébú Carrollton ò lè mú kúrò lójú rẹ̀, ó kúrò níbẹ̀ wàyí. Ọlábímpé rí i bó ṣe ń lọ, ó sì mọ̀ pé òun lòun lé e. Omi bọ́ lójú Àǹtí, kò nù ún.

Nígbà tó yá, Àǹtí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú máìkì tó ti bọ́ sílẹ̀, ó fi sí Ọlábímpé lọ́wọ́.

“Dìde,” ó ní. “Sọ ọ́ lóyìnbó, kó lè mọ́ ọ lẹ́nu de ọ̀la tí o máa sọ ọ́ fún Jessica. Òyìnbó ni wọ́n fi bi ọ́.”

Ọlábímpé dìde. Shalom ṣì ń wo ẹnu rẹ̀.