Ọmọ Tí Kò Fẹ́ Kọjá Bàbá Rẹ̀

Èmi kì í ṣe ẹni tó ń sáré. Káfíńtà ni mí, ní Ìdímù. Àga, bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù ni mo ń kàn, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta sì ni mí lọ́dún 2014 tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá rí èmi Sàkàrìyáù tí mò ń sáré ṣáájú ọdún yẹn, a jẹ́ pé ejò ló wọ ṣọ́ọ̀bù.

Hamdalah, àkọ́bí mi, ló sọ mí di eléré ìje. Wọ́n ti gbà á sí iṣẹ́ ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sọ pé lọ́jọ́ kejì tí wọ́n bá dé kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ wọn, gbogbo wọn máa sá eré kìlómítà mẹ́ta. Obìnrin tí kò bá parí ẹ̀ láàárín ogún ìṣẹ́jú, kó gbé báàgì ẹ̀, kó máa lọ sílé. Oṣù méjì ló kù. Hamdalah sì rèé, ọmọ ọdún méjìlélógún tí Mọ̀dínátù ìyá ẹ̀ fi oúnjẹ kẹ́, tó jẹ́ pé tó bá gun àtẹ̀gùn ilé ẹlòmíì, á jókòó sinmi kó tó kí onílé. Láti kékeré ló ti ń sọ pé ọlọ́pàá lòun máa ṣe. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti kọ̀wé sí wọn tí wọn ò dá a lóhùn. Mo bínú sí ìwé yẹn bí ẹni pé ènìyàn ni. Wọ́n fún ọmọ níṣẹ́ tán, wọ́n tún ń yẹ ẹsẹ̀ ẹ̀ wò.

Mo ní kó máa sáré lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Ìyá ẹ̀ ní ọmọ òun ò ní dá nìkan jáde nígbà tí ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa, àfi kí èmi tí mo pàṣẹ tẹ̀lé e. Bí mo ṣe wọ bàtà kánfáàsì nìyẹn, pẹ̀lú fìlà ìrun lórí.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, òun ló wà níwájú, èmi wà lẹ́yìn, mò ń pariwo pé kó gbé ẹsẹ̀. Ohun tí mi ò rò ni bó ṣe máa rí lójú aráyé: ọmọbìnrin ń sá, bàbá kan ń lé e, bàbá sì ń jágbe mọ́ ọn. Ká tó dé oríta, àwọn ìyá tó ń gbálẹ̀ iwájú ṣọ́ọ̀bù ti fa Hamdalah mọ́ra, ọlọ́kadà méjì sì ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú mi. Wọ́n ní ohunkóhun tí ì báà ṣe, kí n foríjì í. Ìyá àgbà kan kúnlẹ̀, ó ní tí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Mo ní mi ò na ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní ẹ ṣeun, bàbá, ẹ má sì nà án tẹ́ẹ bá délé. Hamdalah ò lè gbà mí sílẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí wọ́n gbà pé ẹ̀rù mi ló ń bà á. Àfìgbà tí mo sọ pé mo ti foríjì í kí wọ́n tó jẹ́ ká lọ.

Láti ọjọ́ kejì, èmi ni mò ń ṣáájú. Gbóyèga, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́kadà tó bẹ̀ mí, fi ọ̀kadà ẹ̀ wọn ọ̀nà fún wa: láti iwájú mọ́ṣáláṣí wa, ká gba títì lọ sí apá Ìkòtún, ká yípo ilé epo kan, ká padà. Kìlómítà mẹ́ta géérégé. Fóònù mi la fi ń ka àkókò.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógójì. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Inú wa dùn. Ọ̀sẹ̀ kẹfà, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ọ̀sẹ̀ keje, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n náà ni. Mo bá ìyá ẹ̀ jà nítorí ẹ̀bà alẹ́. Mo bá Hamdalah náà jà, mo ní kò fọwọ́ gidi mú ọ̀rọ̀ náà. Mi ò ṣàkíyèsí pé kì í mí hẹlẹhẹlẹ mọ́ tá a bá parí, torí èmi ni mò ń mí fún àwa méjèèjì.

Raheem ọ̀rẹ́ mi, tó ń lẹ táyà lẹ́bàá títì, ló là mí lójú. Ó ní, "Sàkàrìyáù, ọmọ yẹn ò sáré o. Ó ń sìn ọ́ ni. Tó o bá ti dẹ ẹsẹ̀, òun náà á dẹ ẹsẹ̀."

Ojú tì mí, inú sì bí mi. Ọjọ́ mẹ́fà péré ló kù. Lọ́jọ́ kejì, bá a ṣe yípo ilé epo tán, mo ní kó kọjá mi. Ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mo dúró.

"Dádì, mi ò lè ṣe é," ó ní. "Orúnkún ń dùn yín, mò ń rí bẹ́ẹ ṣe ń tiro. Ṣé kí n wá fi yín sílẹ̀ lójú títì ni? Tẹ́ẹ bá ṣubú ńkọ́?"

"Hamdalah, láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ọ lé mi lọ́wọ́, àdúrà kan ṣoṣo ni mò ń gbà: kó o jù mí lọ. Ṣé kí Ọlọ́run gbà á, kí ìwọ wá kọ̀ ọ́ ni? Gba fóònù yìí. Kọjá, jàre."

Ó kọjá. Ó wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, ó wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kejì, mo ń ju ọwọ́ sí i bí ẹni ń lé adìyẹ. Ó wá kọjú síwájú, ó sì bẹ́ sí eré. Mi ò mọ̀ pé ọmọ mi lè sáré báyẹn. Láti ìgbà tó ti ń rákò, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ rí ohun tó wà níwájú kó tó dé ibẹ̀. Ìyẹn ti tán. Ó dùn mọ́ mi, ó sì dùn mí, nígbà kan náà. Mo tiro délé.

Àárọ̀ tó gbẹ̀yìn, ìṣẹ́jú mọ́kànlélógún ló sá. Ó ku ìṣẹ́jú kan. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe gbé báàgì, tí ìyá ẹ̀ ń sunkún, tí èmi ń sọ pé kó má sunkún mọ́.

Lọ́jọ́ eré náà, mi ò lè kan ìṣó kankan kó wọlé. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán ni fóònù dún.

"Dádì, mo bá a o. Ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún."

Mo béèrè báwo ló ṣe ṣe é. Ó ní àǹtí kan tó dàgbà ju òun lọ dáadáa ló wà níwájú òun, òun sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọra tẹ̀lé e lẹ́yìn bí òun ṣe máa ń tẹ̀lé mi.

"Ni mo bá rántí yín. Mo kí i pé ẹ kú iṣẹ́, mà. Mo wá kọjá."

Mo jókòó sórí àga tí mi ò tíì kàn parí. Omijé ń bọ́, mi ò sì nù ún, torí kò sẹ́nì kankan ní ṣọ́ọ̀bù. Mo sọ fún un pé ó ṣe é dáadáa. Mo wá ní nígbà mìíràn, kó kọ́kọ́ kọjá ná, kó tó kí ènìyàn, kó má baà fi èémí ṣòfò.