Kẹ̀kẹ́ Ìfalà Mojọlá

Ewúrẹ́ ló kọ́kọ́ jẹ ilà pápá wa. Mi ò parọ́. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí ẹfun tán nílé ẹ̀kọ́ wa ní Àgọ́-Àrẹ, mo bu láfún, mo fi fa ilà yí pápá bọ́ọ̀lù ká. Ó funfun, ó gún régé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pàtẹ́wọ́ fún mi. Kí rẹfirí tó fọn fèrè, ewúrẹ́ mẹ́fà ti lá ilà apá ọ̀tún tán, wọ́n ti ń sún mọ́ ojú ilé. Nígbà tí pẹnáritì ṣẹlẹ̀, rẹfirí wá ojú àmì títí, kò rí i. Ó ní kí wọ́n gba bọ́ọ̀lù náà láti ibi tí ewúrẹ́ tó gbẹ̀yìn dúró sí.

Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé Màdáàmù Ọmọ́wùmí, Pírínsípà wa, ló ni àwọn ewúrẹ́ náà. Màdáàmù ní òun ò mọ̀ wọ́n rí.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, mo lo eérú. Ọyẹ́ gbé e lọ sí Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Mo lo ìyẹ̀fun pákó, òjò kan péré ni, ó di ẹrẹ̀. Èmi Àpọ́nlé, tísà eré ìdárayá, ọdún mẹ́rìnlélógún lẹ́nu iṣẹ́, mi ò lè fa ilà tó máa pẹ́ ju oúnjẹ àárọ̀ lọ.

Ìyàwó mi, Mojọlá, ló rí ọ̀nà rẹ̀. Àgbẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kan, ó gbé pọ́ǹpù oògùn koríko kọ́ ẹ̀yìn, kò mọ̀ pé ó ń jò. Láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná títí dé ìdí àgbàdo, oògùn ń kán tó tó tó. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kan, koríko ojú ibẹ̀ ti kú, ilà kan ṣoṣo, tààrà bí òwú. Ó pè mí jáde.

"Bàbá Dámilọ́lá, ẹ wá wo ilà. Ẹ ní kí ewúrẹ́ wá lá eléyìí."

Bí ẹ̀rọ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ṣùkúrù, ọ̀rẹ́ wa tó ń jó irin ní Ṣakí, gbé tankí pọ́ǹpù lé ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ológeere kan, ó jó ọwọ́ méjì mọ́ ọn bíi ti bárò, ó fi páànù ṣe ìbòrí sí ẹnu rẹ̀ nísàlẹ̀ kí atẹ́gùn má baà fẹ́ oògùn kiri. Bí o bá ti ń tì í, oògùn á máa tú sílẹ̀ ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan. Koríko ibẹ̀ á kú, ilẹ̀ á hàn, ó di òpin ọdún. Òjò kò lè fọ̀ ọ́, ọyẹ́ kò lè gbé e. Mojọlá ló kọ́kọ́ tì í. Ṣùkúrù ní kó rọra. Mojọlá ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ṣe é ni kẹ́ ẹ rọra. Èmi ti mọ ibi tí mò ń lọ."

Lẹ́yìn náà ló dùbúlẹ̀ àìsàn. Lórí ibùsùn ọsibítù, ó ní, "Ilé ẹ̀kọ́ yín ni ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn ilé ẹ̀kọ́ ti máa wáyé lọ́dún yìí. Ẹ jẹ́ kí ilà wa hàn." Mo ní yóò hàn. Lọ́jọ́ kejì, ó kú.

Láti ọjọ́ náà ni ara mi ti dà bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé títí tó fi kú. O rí i, o mọ̀ pé tìrẹ ni, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ gún un, ti aládùúgbò ni. Èmi ni mo máa ń di makirofóònù mú níbi gbogbo eré ilé ẹ̀kọ́, èmi ni mo máa ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Níbi ìsìnkú, wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ àti pẹnáritì. Wọ́n fi omijé rẹ́rìn-ín. Èmi náà gbọ́ ẹ̀rín náà bí ẹni ń gbọ́ rédíò ilé kejì.

Lọ́jọ́ kẹjọ, Jùmọ̀kẹ́, àbúrò rẹ̀, àti àwọn ẹbí wá pín aṣọ rẹ̀. Wọ́n pín in dáadáa. Gèlè pupa tó fi ń lọ sí oko bọ́ sọ́wọ́ Jùmọ̀kẹ́. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo wọ yàrá ẹ̀yìn tí a ń kó irinṣẹ́ oko sí. Kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ ìyeyè méjì wà níbẹ̀, wọ́n jọra bí ìbejì: oògùn koríko wà nínú ọ̀kan, ajílẹ̀ tó ti pò mómi wà nínú èkejì. Mojọlá ti so àkísà pupa kan mọ́ ọ̀kan lọ́rùn. Mo wò ó, mo rí i pé ara gèlè náà ló ti ya á. Mo tú u. Mo fi í sápò. Kò sídìí mìíràn. Òun nìkan ni wọn ò tíì pín.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, Màdáàmù pè mí sí ọ́fíìsì.

"Tísà, àwọn tó ń ṣètò ìdíje ń bọ̀ wá wo pápá ní ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí wọn ò bá rí ilà, Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ni wọ́n máa gbé e lọ."

"Eérú wa ti ṣáájú wọn débẹ̀, mà."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wo ojú mi, ó fi í sílẹ̀. "Ṣé kí n ní kí wọ́n bá wa ra ẹfun ní Ṣakí?"

"Rárá, mà. Ẹ̀rọ wa ni màá lò. Mo ti ṣèlérí."

"Fún ta ni?"

"Fún ẹni tó rí ọ̀nà rẹ̀."

Màdáàmù yí ojú sí fèrèsé. "Bí ọjọ́rú bá dé tí n kò rí nǹkan kan, màá kó irin yẹn sí yàrá ìkẹ́rùsí, a ò sì ní sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Mi ò bínú. Mi ò tíì rí ìbínú náà láti ìgbà tí Mojọlá ti lọ.

Lọ́jọ́ náà gan-an, mo ta okùn yí pápá ká, mo gbé kẹ́ẹ̀gì kan, mo dà á sínú tankí, mo ti kẹ̀kẹ́ náà yípo. Mo fa ilà ẹ̀gbẹ́, mo fa ojú ilé, mo fa òbìrìkítí àárín. Nígbà tí mo délé, mo fi kẹ́ẹ̀gì kejì bọ́ àgbàdo tí Mojọlá gbìn sẹ́yìn ilé kó tó dùbúlẹ̀. Aládùúgbò mi, Ìyá Kẹ́hìndé, na ọrùn láti ojú ọgbà.

"Bàbá Dámilọ́lá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀ ń bọ́ àgbàdo ìyàwó yín."

"Òun ti jẹun. Èmi ni mi ò tíì jẹ."

Ó gbé àwo iyán kan fún mi láti orí ọgbà. Mo jẹ ẹ́. Mi ò lè sọ ọbẹ̀ tó wà nínú rẹ̀.

Ọjọ́ kẹta, ilà kò hàn. Ọjọ́ karùn-ún, kò hàn. Òjò ti dáwọ́ dúró láti ọjọ́ kejì tí mo fa ilà náà, gbogbo pápá ń pọ́n, àfi ibi tí mo fẹ́ kó pọ́n. Ìyá Kẹ́hìndé tún na ọrùn.

"Àgbàdo yín ń pọ́n o."

"Ọ̀dá ni."

"Ọ̀dá tó mọ ojúlé yín nìkan? Ẹ wo tèmi bó ṣe tutù."

"Bóyá ọ̀fọ̀ ló ń ṣe."

Ó fà sẹ́yìn lójú ọgbà. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Ó dùn ún ju bó ṣe dùn mí lọ.

Òwúrọ̀ ọjọ́rú, Ṣùkúrù gun ọ̀kadà wá láti Ṣakí kó lè rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lójú àwọn àlejò. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí pápá, ó fi ọwọ́ kan ilà.

"Bàbá Dámilọ́lá, kí lẹ dà sínú ẹ̀rọ mi?"

"Oògùn."

"Oògùn wo? Koríko yìí sanra ju àna mi lọ."

Òótọ́ ni. Gbogbo pápá ti gbẹ bí irun arúgbó, ṣùgbọ́n ojú ilà dúdú, ó tutù yọ̀yọ̀, ó ga dé ọrùn ẹsẹ̀. Òbìrìkítí àárín dà bí adé. Mo ní bóyá oògùn ló ti gbó. Kí Ṣùkúrù tó dáhùn, ọkọ̀ àwọn àlejò wọlé.

Ọ̀gbẹ́ni Akíntọ́lá ni olórí wọn, ọkùnrin gíga kan tó di ìwé sábẹ́ abíyá. Ó rìn yí ilà ká. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti tò sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n ń fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ta ló gbin ilà yìí?"

"Èmi ni, sà."

"Ìgbà wo lẹ máa kórè?"

Àwọn ọmọ tú ẹ̀rín. Ọ̀gbẹ́ni Akíntọ́lá gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó rọra gbá a sí ìta. Bọ́ọ̀lù yí gbirigbiri, ó kan koríko ilà, ó dúró. Ó tún un gbá. Ó tún dúró.

"Tísà, lórí pápá yìí, bọ́ọ̀lù ò ní jáde láéláé. Àwọn ọmọ á kàn máa gbá a títí wọn á fi dàgbà." Ó pa ìwé rẹ̀ dé. "Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ni. Ẹ má bínú."

Òógùn ń bọ́ lójú mi. Mo ti ọwọ́ bọ àpò láti wá nǹkan fi nù ún, àkísà pupa ló bá mi jáde. Ṣùkúrù di ọwọ́ mi mú.

"Níbo lẹ ti rí ìyẹn?"

"Lọ́rùn kẹ́ẹ̀gì."

"Ẹ tú u?" Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Bàbá Dámilọ́lá, àmì ni. Ìyàwó yín fi hàn mí lọ́jọ́ tí a dán ẹ̀rọ wò. Ó ní kẹ́ẹ̀gì tó bá wé gèlè, ikú ló wà nínú rẹ̀."

Mo wo ilà. "Èyí tí mo dà síbí..."

"Ajílẹ̀ ni."

"Èyí tí mo fún àgbàdo rẹ̀..."

Ṣùkúrù tú ọwọ́ mi sílẹ̀.

Ìgbà yẹn gan-an ni ewúrẹ́ dé. Mẹ́fà ọjọ́sí ti di mọ́kànlá. Wọ́n gba ẹ̀yìn kíláàsì wọlé, wọ́n wo pápá gbígbẹ, wọ́n rí ilà tútù, wọ́n dorí kọ ọ́. Ẹni tó bá ti rí akẹ́kọ̀ọ́ lórí ìlà lówùúrọ̀ ọjọ́ tí pàṣán wà lọ́wọ́ tísà, ó ti rí bí ewúrẹ́ ṣe tò. Ọ̀kan ń tẹ̀ lé ọ̀kan, ẹnu nílẹ̀, láti igun dé igun. Méjì yà sí òbìrìkítí àárín, wọ́n yí i po, wọn ò fi ẹsẹ̀ kan yà. Màdáàmù ń lé wọn, wọn ò dá a lóhùn. Ọ̀gbẹ́ni Akíntọ́lá ti gbé ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀, ó gbé e padà sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n jẹ ilà ẹ̀gbẹ́ kan tán, ó lọ gbé bọ́ọ̀lù. Ó gbá a. Bọ́ọ̀lù kọjá. Koríko ti wálẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti pápá, ṣùgbọ́n ó ṣì tutù, ó hàn kedere, ilà aláwọ̀ ewé lórí pápá pípọ́n. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tún un tẹ̀. Ó ṣí ìwé rẹ̀.

"Ta ló ni àwọn ewúrẹ́ yìí?"

Gbogbo ilé ẹ̀kọ́ yíjú sí Màdáàmù. Ọdún mẹ́ta ló fi sẹ́ wọn. Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe.

"Tèmi ni, sà. Èmi ni mo sìn wọ́n dàgbà."

Ọ̀gbẹ́ni Akíntọ́lá kọ ọ́ sílẹ̀, ó ń pè é jáde bó ṣe ń kọ ọ́: "Pápá dára. Ìdíje máa wáyé níbí. Kí ewúrẹ́ wá lówùúrọ̀ ọjọ́ náà."

Ariwo sọ. Wọ́n gbé makirofóònù fún mi. Mo rò ó pé ká ní mo fa ilà náà bí mo ṣe fẹ́ fà á, bóyá ewúrẹ́ mọ́kànlá ni oògùn ì bá ti pa sórí pápá lónìí. Mo wo àwọn èèyàn tó ń retí ẹ̀rín.

"Ilà náà hàn," ni mo wí.

Wọ́n dúró de ìyókù. Nígbà tí kò sí ìyókù, wọ́n rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ náà. Mo dá makirofóònù padà, mo lọ sílé.

Ewé mẹ́wàá, méjìlá lórí igi àgbàdo kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ti gbẹ, wọ́n ti ká. Poro mẹ́jọ tó gún régé. Mojọlá kì í fa ilà wíwọ́. Ìyá Kẹ́hìndé wà lójú ọgbà, kò na ọrùn lọ́tẹ̀ yìí. Mo dúró níbẹ̀ kí ìrora lè dé. Mo dúró dè é bí ẹni dúró de ọkọ̀ lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Mo mọ̀ pé ó ń bọ̀, mi ò kàn mọ ọjọ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í hú wọn. Mo ti hú poro méjì nígbà tí Ṣùkúrù fi ọ̀kadà dé. Ó bọ́ bàtà, ó bọ́ sórí poro kẹta, ó ń hú tirẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni yẹn ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìsẹ́yìn fẹ́ irú kẹ̀kẹ́ wa. Ó ní ṣé èyí tó ń pa koríko ni ká ṣe, àbí èyí tó ń bọ́ ọ."

"Èyí tó ń bọ́ ọ."

"Orúkọ wo ni ká kọ sára rẹ̀?"

"Ẹ kọ Mojọlá."

"Wọ́n á bèèrè ibi tí ewúrẹ́ ti ń wá."

"Ẹ ní kí wọ́n bi Màdáàmù."

Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a hú poro kẹjọ tán, mo wọ yàrá ẹ̀yìn. Kẹ́ẹ̀gì méjèèjì ti fúyẹ́. Mo ṣí wọn, mo gbọ́ òórùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo mọ èyí tó jẹ́ ikú. Mo yọ àkísà pupa náà, mo so ó mọ́ ọn lọ́rùn. Ó tú. Kókó tí Mojọlá máa ń ta, ìfà kan ṣoṣo ni, kì í tú; mi ò wo ọwọ́ rẹ̀ rí nígbà tó ń ta á. Mo tún un so. Ó tún tú. Mo so ó lẹ́ẹ̀kẹta, ó di.

Kò jọ tirẹ̀.